Aṣọ Rẹ Ti Gbẹ Lórí Okùn

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta

Eruku òdòdó igi ti ọdọọdún ti dé. Mo gbé mọ́tò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó reluwé Decatur láàárọ̀, nígbà tí mo fi máa jáde ní ọ́fíìsì ó ti pọ́n rúsúrúsú, àfi bíi pé ẹnì kan da gaàrí elépo lé e lórí. Imú mi ti dí, ojú ń yún mi. Yasmin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní kí n lọ ra oògùn. Mo ní oògùn wo ló wà fún Atlanta nínú oṣù Kẹta.

Ohun tó bá mi ní ọ́fíìsì burú ju eruku lọ. Eli kọ̀wé. Òun ni lọ́yà ilé iṣẹ́ tó ṣe géèmù tí mo bá Aunty Rónkẹ́ pè lẹ́jọ́ nítorí orin rẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo, ìdí sì nìyẹn tí ẹ̀rù rẹ̀ fi ń bà mí. Ó ní nínú oṣù Karùn-ún àwọn máa bi Aunty Rónkẹ́ ní ìbéèrè lábẹ́ ìbúra. Ó fi fídíò kan mọ́ lẹ́tà náà. Mo ti mọ fídíò tó jẹ́ kí n tó ṣí i. Ó ti wà lórí YouTube ṣọ́ọ̀ṣì wa láti bí ọdún mẹ́rin, Àìkú ìdúpẹ́. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Aunty Rónkẹ́ dúró níwájú ìjọ, ó di Adéfọlá lọ́wọ́ mú, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé. Ó sọ bí òun ṣe jókòó ti bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà, tí dókítà ń mi orí, tí orin kan sì bọ́ sí òun lẹ́nu. Ó kọ ọ́ fún wa:

*Ọmọ mi, dìde, ilẹ̀ ti mọ́,*
*omi ìwẹ̀ rẹ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́,*
*aṣọ rẹ ti gbẹ lórí okùn,*
*ọmọ mi, dìde ká lọ.*

Lẹ́yìn náà ló wá sọ ibi tí Eli fàlà sí nídìí: "Ẹ̀yin ará, èmi kọ́ ni mo ṣe orin yìí o, Ọlọ́run ló fún mi. Mo sì jẹ́jẹ̀ẹ́ létí bẹ́ẹ̀dì yẹn pé bí ọmọ mi bá dìde, orin yìí ti di ti gbogbo ayé. Ẹ gbé e lọ. Onígbàgbọ́ ni o, aláìgbàgbọ́ ni o, ẹ gbé e lọ, mi ò gba nǹkan kan." Gbogbo ìjọ hó yèè. Bí èèyàn bá fetí sí i dáadáa, á gbọ́ haleluyah tèmi náà nínú rẹ̀. Ohùn mi kì í pamọ́.

Ẹyin lohùn lóòótọ́. Èyí ti balẹ̀ láti ọdún mẹ́rin, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìró rẹ̀.

Ọjọ́rú, 5 oṣù Kẹta

Òjò àti ìkìlọ̀ ìjì. Fóònù gbogbo èèyàn ké lẹ́ẹ̀kan náà níbi tí mo ti ń ra oúnjẹ ọ̀sán, a wo ara wa, a sì ń jẹun lọ. N kò fọwọ́ kan ìwé ẹjọ́ Aunty Rónkẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù Kẹta

Mo lọ bá a nílé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé àwọn arúgbó tó ti ń ṣiṣẹ́, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, síbẹ̀ ó fi dandan lé e kí n jẹun. Ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata. Ó ní kí n má bínú pé òun kò se ẹyin sí i, ẹyin ti di góòlù.

"Lọ́yà mi, kí ni wọ́n tún wí?"

Mo sọ fún un pé wọ́n ti rí fídíò.

"Èwo? Ti testimony mi?"

"Òun ni, ma."

"Ah, that's good now. Wọ́n á rí Adéfọlá."

Mo bu ìrẹsì sẹ́nu kí n má bàa ní láti dáhùn. Fọ́tò ọmọ náà wà lókè tẹlifíṣọ̀n, ó wọ yúnífọ́ọ̀mù, eyín iwájú méjì ti yọ. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ló pa á ní ọdún kejì lẹ́yìn ìdúpẹ́ yẹn. Ì bá ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá lóṣù tó ń bọ̀.

Mo tún bi í léèrè ohun tó fẹ́ gan-an bí a bá jàre, nítorí wọ́n máa bi í. Ó ti sọ ọ́ fún mi rí, ẹnu rẹ̀ kò yí padà. "Mi ò fẹ́ kọ́bọ̀ wọn. Mi ò tiẹ̀ ní kí wọ́n má kọ ọ́. Kí wọ́n ṣáà má kọ ọ́ níbi tí ọmọ ti ń kú. Yéjídé, ṣé ìyẹn pọ̀ jù?"

Ẹ̀yìn ìsìn ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ lọ́dún tó kọjá. Ọmọ kan ń fi fóònù ìyá rẹ̀ ṣeré ní gbọ̀ngàn, ọmọ inú géèmù já sí kòtò ó kú, orin náà sì dún. Aunty Rónkẹ́ fi àwo puff-puff tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó rìn jáde lọ sí inú mọ́tò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi géèmù yẹn han òun, èmi gan-an kò lè fi hàn án. Ó ní òun ti gbọ́ èyí tó tó.

Mo ní kò pọ̀ jù, ma. Ó di ike ìrẹsì lé mi lọ́wọ́ fún Dàpọ̀ ọkọ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 oṣù Kẹta

Ìṣẹ́gun kékeré kan: àmì tó wà lára àwọn tírélà Haneef, oníbàárà mi kan, ti gba ìwé àṣẹ ìjọba. Ó pè mí láti ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ ní Forest Park, ó ń pariwo ju ẹ́ńjìnnì lọ, "Barrister! You too much! Ọlọ́hun á ṣe ẹ́ lóore!" Ìyẹ́ méjì àti táyà kan ni àmì náà. Láti òní lọ, bí ẹnikẹ́ni bá ya ìyẹ́ méjì àti táyà sára tírélà, màá pe olúwarẹ̀ lẹ́jọ́, adájọ́ yóò sì dá a dúró kíá.

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo padà sí ìwé Aunty Rónkẹ́, inú mi bàjẹ́. Mo ti ka gbogbo ohun tí mo lè kà. Pé Ọlọ́run ló fún un ní orin, ìyẹn kò dẹ́rù bà mí tó bẹ́ẹ̀. Ibi tó wù kí ọ̀rọ̀ ti wá, ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó ni òfin mọ̀, mo kàn ní láti fi hàn pé ó tò ó. Ẹ̀bùn yẹn ni n kò rí ibi gbà yọ. Ẹni tó ní kí gbogbo ayé gbé nǹkan òun lọ, tó tún wá ń lé ẹni tó gbé e. Àwọn tó ṣe géèmù sì ní ibi ìkó-orin-pamọ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni àwọn ti rí i, wọ́n kọ "orin ìbílẹ̀" sí i lára. Ẹnì kan gbé e lọ gẹ́gẹ́ bó ṣe ní kí wọ́n gbé e.

Èyí tó wá ń gbóná mọ́ mi láyà ni pé, bí a bá tilẹ̀ jàre, kò sí ibì kan nínú òfin ilẹ̀ yìí tó bá ohun tó ń bèèrè mu. Mo lè bá a gba owó. Mo lè bá a gba orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti lè sanwó, wọ́n lè fi orin ìyá ọmọ sí ibi tó bá wù wọ́n. Mo wá ilẹ̀kùn náà títí Yasmin fi bu omi tíì wá fún mi, ó ní mo ti ń dá sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 oṣù Kẹta

Mo ní láti mọ géèmù náà bí ẹni mọ ilé rẹ̀, nítorí náà mo ti ń gbá a láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ kékeré kan tó dé fìlà pupa, ó ń sáré, ó ń fo kòtò. N kò mọ̀ ọ́n gbá rárá. Kòtò àkọ́kọ́ gan-an ni mo ń já sí.

Dàpọ̀ jókòó tì mí lórí àga, ó ń rẹ́rìn-ín. "Lọ́yà, kòtò yẹn ti ń sọ fún ẹ láti òkèèrè pé òun ń bọ̀."

"Fi mí sílẹ̀."

"Iye ìgbà tó o kú báyìí, wọ́n á ti fún ẹ ní ipò láàárín àwọn òkú."

Mo rẹ́rìn-ín títí ojú mi fi ṣomi. Nígbà náà ni mo tún já sí kòtò, orin náà tún dún. Kì í ṣe ohùn Aunty Rónkẹ́. Ọmọbìnrin kan tí kò gbọ́ Yorùbá ló ń kọ ọ́, kò mọ ohun tó ń sọ, ó sì dùn létí láìka ìyẹn sí. Ọmọ tó dé fìlà pupa na ọwọ́, ó dìde, ó gbọn eruku nù, ó tún ń sáré lọ. Dàpọ̀ dìde lọ fọ abọ́ láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́, ohun tí kì í ṣe.

Ọjọ́ Àìkú, 20 oṣù Kẹrin. Àjíǹde

Ẹgbẹ́ akọrin kọ orin Aunty Rónkẹ́ lónìí. Kò sí ẹni tó fi ibi ṣe é. Ọdọọdún ni wọ́n ń kọ ọ́ nígbà Àjíǹde, tirẹ̀ kúkú ni, ó ti fún wọn. *Ọmọ mi, dìde.* Gbogbo ìjọ dìde dúró. Mo wẹ̀yìn wo Aunty Rónkẹ́, òun náà dúró, ó ń kọrin, ẹnu rẹ̀ ń lọ dáadáa. Títí wọ́n fi parí kò yẹsẹ̀.

Pásítọ̀ Ṣẹ́gun pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn. Ó ní, "Sister Yéjídé, a kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́ o. Ẹ jẹ́ ká fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

Mo ní, "Daddy, àwọn tó ṣe géèmù kì í ṣe ọ̀rẹ́ wa tẹ́lẹ̀."

Ó wò mí bí ẹni wo ọmọ tí ẹnu rẹ̀ mú, ó sì gbàdúrà fún mi. Mo ṣe àmín. N kò ní ohun mìíràn lọ́wọ́ tí mo lè fi wé àdúrà náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 oṣù Karùn-ún

Odidi ọjọ́ ni mo fi múra Aunty Rónkẹ́ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì. Mo ṣe bí Eli, mo ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, Yasmin ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo bi í ẹni tó ṣe orin náà. Ó ní Ọlọ́run. Ohun kan náà tó sọ fún mi lọ́dún tó kọjá nìyẹn nígbà tí mo ń forúkọ orin náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní Washington, tó fẹ́ kí n kọ Ọlọ́run síbi tí wọ́n ní ká kọ orúkọ ẹni tó ṣe é.

Mo fi Eli sílẹ̀, mo fi Yorùbá sọ̀rọ̀ bí ara mi. "Aunty, okùn wo ni okùn inú orin yẹn? Ṣebí dryer lẹ fi ń gbẹ aṣọ."

Ojú rẹ̀ yí padà, ó rẹ́rìn-ín. "Okùn ìyá mi ni. Ẹ̀yìn ilé wa ní Ìkirè. Tí aṣọ school mi bá ti gbẹ, á ti ojú fèrèsé sọ ọ́ lù mí lórí ẹní. Ìyẹn ni alarm clock tiwa."

"Ọlọ́run ló fi okùn yẹn sínú orin ni àbí ẹ̀yin?"

"Mo ń wá ohun tí màá fi tẹ̀ lé omi ìwẹ̀ ni. Èmi ni mo fi í síbẹ̀."

Mo fò sókè bí ọmọdé. Yasmin pàápàá, tí kò gbọ́ Yorùbá, pàtẹ́wọ́ nítorí ojú mi. Òfin ti rí ẹni tó tò ó.

Ìṣòro kejì ló kù. Mo sọ fún un jẹ́jẹ́ pé nígbà tó ní kí gbogbo ayé gbé e lọ, bóyá àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ló ní lọ́kàn, àwọn tó máa fi gbàdúrà. Mo ní bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kó sọ bẹ́ẹ̀. Mo sì mọ̀ pé bí mo ṣe ń sọ ọ́ kò mọ́ tó.

"Yéjídé, ṣé irọ́ lo fẹ́ kí n pa ni?"

"Rárá, ma. Tó bá jẹ́ bó ṣe rí lọ́kàn yín ni."

"Bó ṣe rí lọ́kàn mi kọ́ nìyẹn." Ó ń fi àtàǹpàkò ra etí Bíbélì rẹ̀. Ó wá sọ ohun tí n kò gbọ́ rí. Nígbà tí àìsàn náà padà wá ní ọdún kejì, ó tún kọ orin náà létí bẹ́ẹ̀dì. "Mo kọ ọ́ títí nurse fi ní kí n mu omi. Orúkọ rẹ̀ ni mo ń fi kọ ọ́, *Adéfọlá, dìde*. Bó ṣe wà níbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ṣe yọ orúkọ kúrò kó lè jẹ́ ti gbogbo èèyàn. Mo dá orúkọ padà pé bóyá á gbọ́. Kò dìde." Ó gbé ojú sókè. "Ti àwọn oní-géèmù yẹn, o ní ọmọ náà ń dìde, gbogbo ìgbà ló ń ṣiṣẹ́ fún wọn. Ohun tí mi ò lè gbà nìyẹn."

Mo wá bébà ìnujú nínú dúrọ́ọ̀ mi, n kò rí i. Mo fi etí aṣọ mi nu ojú. Ilé ẹ̀kọ́ òfin kò kọ́ mi ní èyí.

Ọjọ́bọ̀, 15 oṣù Karùn-ún

Midtown, ọ́fíìsì Eli, òkè pátápátá, gíláàsì lọ́tùn-ún lósì. Iye tí wọ́n gbà fún ibi ìgbọ́kọ̀sí tó ra àpò ìrẹsì kan. Ooru ti dé, ẹ̀rọ amúlétutù wọn sì tutù débi pé mo fi ṣọ́ọ̀lù mi bo Aunty Rónkẹ́.

Eli dìde nígbà tí Aunty wọlé, ó fa àga fún un, ó ní "Ẹ káàárọ̀, ma." Ó ti lọ kọ́ ọ. Aunty dá a lóhùn tayọ̀tayọ̀, ó bi í bóyá ó sùn dáadáa. Ó ti pinnu pé Yorùbá lòun máa sọ, kí òun má bàa ṣìsọ lábẹ́ ìbúra, nítorí náà wọ́n mú ògbufọ̀ wá láti Conyers, Alhaji Abdulqoyyum, àgbàlagbà kan tó wọ súùtù, tó ń sọ Yorùbá tó jinlẹ̀ ju tèmi lọ. Aunty mú Bíbélì ara rẹ̀ wá. Obìnrin tó ń tẹ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní kò pọn dandan, kó ṣáà gbé ọwọ́ sókè. Ó gbé ọwọ́ kan sókè, ó gbé èkejì lé Bíbélì.

Apá àkọ́kọ́ lọ dáadáa, ó lọ ju bí mo ṣe rò lọ. Eli bi í ta ló ṣe orin náà, ó ní Ọlọ́run ló fún òun. Eli ní gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pátá? Ó ní rárá, okùn aṣọ yẹn, òun ló fi í síbẹ̀, ó sì sọ ti ẹ̀yìn ilé wọn ní Ìkirè, ti aṣọ tí ìyá rẹ̀ ń sọ lù ú lórí ẹní. Alhaji rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe ń túmọ̀ rẹ̀, ó dájú pé òun náà mọ okùn yẹn. Mo kọ "A ti mú un" ní Gẹ̀ẹ́sì sórí bébà, mo tì í sọ́dọ̀ Yasmin lábẹ́ tábìlì. Eli kọ nǹkan sílẹ̀, ó dúpẹ́.

Ó wá tan fídíò. Adéfọlá yọ sórí ògiri, ó tóbi ju èèyàn lọ, ó ń yí etí bùbá rẹ̀ mọ́ ìka. Aunty Rónkẹ́ gbàgbé gbogbo wa. Ó tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀, ó ní, "Ẹ wò ó. Ẹ wo bó ṣe ń ṣe," ó sì ń wo Eli bóyá ó ń rí i. Eli rí i. N kò lè sọ pé kò rí i.

Ó dúró kí fídíò parí. Lẹ́yìn náà ló bèèrè: nígbà tó ní kí gbogbo ayé gbé e lọ, ṣé ó ní i lọ́kàn bẹ́ẹ̀?

Mo ní mo lòdì sí ìbéèrè náà. Gbogbo wa mọ̀ pé ariwo lásán ni, ó ṣì ní láti dáhùn.

Aunty wò mí. Kì í ṣe pé ó ń bèèrè ohun tó máa sọ lọ́wọ́ mi, ó dà bí ẹni tó ń tọrọ gáfárà. Ó ní, "Mo ní i lọ́kàn."

"Àti àwọn tí kì í ṣe ti ìjọ yín?"

"Mo dárúkọ wọn. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ ni."

"Ṣé ẹ fi ààlà kankan sí i, ibi tí wọ́n lè lò ó, ibi tí wọn kò lè lò ó?"

"Ọmọ mi," ó pe Eli bẹ́ẹ̀, kò sì sí ìbínú níbẹ̀, "èèyàn kì í jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run kó máa fi ààlà sí i. Mo ní bó bá dìde. Ó dìde. Ọdún méjì ló fi bá mi gbé lórí ẹ̀jẹ́ yẹn. Ó lọ school, ó yọ eyín, ó bá mi jà nítorí irun dídì. Tí mo bá wá sọ níbí pé mi ò ní i lọ́kàn, ọdún méjì yẹn ńkọ́?"

Alhaji yọ awò ojú rẹ̀. Ó nù ún, ó tún un nù. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kò já bọ́ níbẹ̀, tó fi dé ti irun dídì. Ó túmọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ìbá wù mí kó má mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Eli ní òun kò ní ìbéèrè mọ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó pa ìwé rẹ̀ dé bí ẹni tó wà nílé òkú.

Nínú ẹ̀rọ agbéniròkè Aunty Rónkẹ́ dá ṣọ́ọ̀lù mi padà, ó ká a dáadáa. "Lọ́yà mi, ṣé mo sọ ọ́ dáadáa?"

"Ẹ sọ ọ́ dáadáa, ma."

Mo gbé e délé. Lẹ́yìn náà mo jókòó nínú mọ́tò níwájú ilé rẹ̀, mo sunkún, eruku igi kọ́ ni mo fẹ̀sùn kàn.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 oṣù Karùn-ún

N kò lọ síbi iṣẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 oṣù Kẹfà

Kàkà kí ewé àgbọn rọ̀, líle ló ń le sí i. Eli pè mí fúnra rẹ̀, kò fi ìwé ránṣẹ́. Ó ní bí a bá fa ẹjọ́ náà padà báyìí, kálukú á gbé ìnáwó tirẹ̀. Bí a bá ń bá a lọ, tí adájọ́ sì dá wa lẹ́bi, àwọn tó gbé e níṣẹ́ máa ní kí Aunty Rónkẹ́ san owó lọ́yà wọn. Ó ní, "Yéjídé, I asked them not to. They said no." Mo gbà á gbọ́. Obìnrin tó ń wẹ arúgbó fún oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé irú ẹrù yẹn lé lórí.

Mo ní kó bá mi bi wọ́n ní ohun kan ṣoṣo. Kí wọ́n gbé orin náà kúrò níbi ikú, kí wọ́n fi sí ìbẹ̀rẹ̀ géèmù, ibi tí ọmọ náà ti ń jí láàárọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tilẹ̀ bá mu jù. Mo gbọ́ tí mo ń bẹ̀bẹ̀. N kì í bẹ lọ́yà ẹgbẹ́ mi.

Ó ní òun á bi wọ́n.

Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù Kẹfà

Ó ti bi wọ́n. Wọ́n ní rárá. Wọ́n ti wádìí lọ́wọ́ àwọn tó ń gbá géèmù náà, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n fẹ́ràn orin náà jù. Wọ́n ní ó ń tu àwọn nínú.

Mo lọ sọ fún Aunty Rónkẹ́ nílé. N kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́, mo sọ ti owó lọ́yà náà. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní òun á wá fọwọ́ sí ìwé tí a ó fi fa ẹjọ́ náà padà ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn iṣẹ́. Ó wá bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 oṣù Kẹfà

Ó wá. Ooru ń jó ilẹ̀, ó gbé ike omi dání, ó sì gbé ẹ̀wà díndín wá fún Yasmin, tí kò tilẹ̀ wá síbi iṣẹ́ lónìí. Ìwé náà kò ju ojú kan lọ. Mo kà á fún un ní Yorùbá bí mo ṣe lè kà á. Ó fọwọ́ sí i, ó kọ orúkọ rẹ̀ pátá, Oyèrónkẹ́, pẹ̀lú àmì orí rẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní Ìkirè.

Mo ní, "Aunty, ẹ má bínú sí mi. Apá mi ò ká a."

"Kí lo fẹ́ ṣe tó o ò ṣe?" Ó gbé báàgì rẹ̀ sórí itan bí ẹni tó fẹ́ dìde, kò sì dìde. "Yéjídé, mi ò tíì rí géèmù yẹn rí."

"Ẹ ò ní láti rí i, ma."

"Fi hàn mí."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n fi han òun. Mo mú fóònù jáde, mo gbé àga mi sún mọ́ tirẹ̀, mo ṣí i. Ọmọ tó dé fìlà pupa bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Kòtò àkọ́kọ́, mo já sí i, gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi.

Ọmọ náà dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀. Orin náà bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin tí kò gbọ́ Yorùbá ní kó dìde, ilẹ̀ ti mọ́, omi ìwẹ̀ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Aunty Rónkẹ́ mú fóònù pẹ̀lú ọwọ́ mi tó wà lára rẹ̀, ó fà á sún mọ́ ojú rẹ̀. Nígbà tí orin dé orí okùn, ọmọ náà na ọwọ́. Ó dìde. Ó gbọn eruku nù, ó tún fìlà rẹ̀ dé.

Aunty kò sunkún. Mo retí pé kó sunkún, mo ti gbé bébà ìnujú sórí tábìlì láti àárọ̀.

"Tún ṣubú," ó wí.

"Aunty."

"Jọ̀ọ́. Tún ṣubú."

Mo tún ṣubú. Lẹ́ẹ̀kejì yìí ó bá a kọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ, ó sì fi orúkọ náà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. *Adéfọlá, dìde, ilẹ̀ ti mọ́.* Ọmọ náà dìde. Ó sáré dé etí kòtò, ó dúró, ó ń dúró de ìka mi.

"Ó dìde," Aunty Rónkẹ́ sọ. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú fóònù, ibi tí èémí rẹ̀ ti bò ó. "Tún ṣubú, ọmọ mi."

Mo tún ṣubú.